Òpó Tí Kì Í Mì: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rọ Ìgbẹ́gi Kékeré fún Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé ní Elavagnon

Igi kì í ṣe ohun àwátì ní Elavagnon, olú ìlú àgbègbè Est-Mono ní ẹkùn Plateaux ti orílẹ̀-èdè Tógò. Àwọn Ifẹ̀, ọmọ Yorùbá tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana, ló pọ̀ láti ibẹ̀ títí dé Atakpamé, àwọn Kabyè àti Ewe sì ń bá wọn gbé. Káfíńtà wà, alágbẹ̀dẹ wà, àwọn tó ń tún rédíò ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́ wọn: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ tó ní oko káṣú, ọmọ ilé-ìwé gíga tó wá lo ìsinmi nílé. Ọwọ́ irú wọn a máa dilẹ̀ lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ ìsinmi, wọn a sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe àpótí rédíò, ọpọ́n ayò, ìjókòó ọmọdé tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tó já. Nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìdí dé orí: ṣé òpó kékeré tí a ń so dírìlì tàbí ráútà (ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń gbẹ́ igi) kọ́, tó ní tábìlì tó ń rìn lábẹ́, yẹ lóhun tí a ń náwó lé? Bó bá yẹ, irú èwo, fún iṣẹ́ wo?

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìdí kan tó wúwo wà nílẹ̀, òpó irin dúró lórí rẹ̀, apá kan wà lára òpó tó ń lọ sókè sódò. Ẹnu apá yìí ni a ti ń fún mọ́tò mọ́, kí bíìtì rẹ̀, ìyẹn ẹnu tó ń gé, dojú kọ ilẹ̀. Lábẹ́ bíìtì ni tábìlì wà, ọ̀pá onísukúrù méjì ló ń gbé e: ọ̀kan ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé e síwájú sẹ́yìn. A ó di igi tàbí irin mọ́ orí tábìlì, a ó yí ọwọ́ rẹ̀, ohun tí a fẹ́ gbẹ́ á sì rìn lọ bá bíìtì. Ẹni tó gbá dírìlì mú lọ́wọ́ lásán lè lu ihò. Kò lè gbẹ́ yàrà tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 3 mm ní ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì tún jẹ́ 3 mm ní òpin. Iṣẹ́ tí òpó wá ṣe nìyẹn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ilé-iṣẹ́ Fein ní Stuttgart, ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe dírìlì oníná tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́, ní 1895. Ní 1917, Black & Decker ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èyí tó ní ọwọ́ bíi ti ìbọn. Albert Dremel dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní 1932. Nígbà tí dírìlì dé ilé àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá òpó tí wọ́n lè so ó kọ́, nítorí ẹ̀rọ ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò wọ́n jù, ó sì wúwo jù. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ti fìdí ọrùn 43 mm múlẹ̀: òrùka irin tó wà lọ́rùn dírìlì, tí òpó oríṣiríṣi lè dì mú. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ra ọjà tòkunbọ̀ ní Lomé. Dírìlì tó ní ọrùn irin 43 mm yóò bọ́ sínú òpó Wolfcraft. Dírìlì Amẹ́ríkà kì í sábà ní ọrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tuntun oníbátìrì tí ara wọn jẹ́ ike. Ẹni tó bá ra òpó kó tó wo ọrùn dírìlì rẹ̀ ti ra irin lásán.

Mo wá dé ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò nígbà tí wọ́n bá ń ra ẹ̀rọ yìí ni agbára mọ́tò: wáàtì mélòó ni? Èrò mi ni pé mọ́tò ni ó yẹ kí a wò kẹ́yìn. Òpó ni kí a kọ́kọ́ wò. Dírìlì tó ń lu ihò ń tì sísàlẹ̀, ìdí ẹ̀rọ sì ń gba ipá náà. Ṣùgbọ́n bíìtì tó ń gbẹ́ yàrà ń gba ìgbájú láti ẹ̀gbẹ́, eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá igi bó ti ń yí, ipá yìí sì ń fẹ́ tẹ òpó. Bí òpó bá tẹ̀ díẹ̀, bíìtì á wọnú igi ju bó ti yẹ lọ, ipá á pọ̀ sí i, òpó á tún tẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú igi á ṣe ṣágiṣàgi. Bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣẹ́.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra òpó mọ̀. Bí òpó méjì bá jẹ́ irin kan náà, tí ìbú ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 2 ti èkejì, líle rẹ̀ kò ní jẹ́ ìlọ́po 2, yóò jẹ́ ìlọ́po 16. Òpó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40 mm le ju ti 20 mm lọ ní ìlọ́po 16. Gígùn ń ṣiṣẹ́ ní òdì kejì: bí o bá gbé apá ẹ̀rọ lọ sókè dé ìlọ́po 2 gíga tó wà tẹ́lẹ̀, ipá kan náà yóò tẹ òpó ní ìlọ́po 8. Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan fi pákó sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó gbé iṣẹ́ náà sókè, kí apá ẹ̀rọ lè wà nísàlẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bákan náà, kí bíìtì má yọ jáde ju bí iṣẹ́ ti béèrè lọ. Kò sí owó kankan nínú àtúnṣe méjèèjì yìí, wọ́n sì ń ṣe ju ohun tí mọ́tò tuntun lè ṣe lọ.

Òpó róbótó ní àléébù kejì. Nígbà tí a bá tú u láti gbé apá ẹ̀rọ sókè, apá náà lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì pàdánù ibi tí a ti wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lu ihò kan pẹ̀lú bíìtì kúkúrú, kó tún fi bíìtì gígùn mú un jinlẹ̀, á rí i pé ojú ihò méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́. Òpó oníhà mẹ́rin tàbí èyí tó ní ojú ọ̀nà tí apá ń gbà rìn kò ní ìṣòro yìí. Bó bá jẹ́ olóróbótó nìkan ni ọwọ́ tó, kí a ṣètò iṣẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí ní gíga kan náà.

Kí a tó gbẹ́ ohunkóhun, kí a wo bóyá mọ́tò dúró ṣánṣán lórí tábìlì. Kò gba irinṣẹ́ olówó iyebíye. Kí a tẹ wáyà líle kan, kí a fi orí rẹ̀ kan sí ẹnu ẹ̀rọ, kí ṣóńṣó orí kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Kí iná wà ní pípa, kí a fi ọwọ́ yí i. Bí ṣóńṣó náà bá ń kan tábìlì lọ́tùn-ún tó sì ń jìnnà sí i lósì, apá ẹ̀rọ ti wọ́. Bébà fẹ́lẹ́ ni a ó fi dí i nídìí títí yóò fi gún.

Tábìlì tó ń rìn náà ní ìdẹ̀ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké, yíyí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ń gbé tábìlì lọ ní 1 mm, àmì tó yí ọwọ́ ká sì ń ka 0.05 mm. Ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín sukúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí o bá ń yí i lọ sọ́tùn-ún, tí o wá dá a padà sósì, àmì á kọ́kọ́ rìn kí tábìlì tó rìn. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí a máa gbà dé ojú ìwọ̀n nígbà gbogbo: bí a bá kọjá rẹ̀, kí a padà sẹ́yìn dáadáa, kí a tún wá. Àlàfo yìí kan náà ló fà á tí a fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ pàdé eyín bíìtì, kó má ṣe bá a lọ. Bí iṣẹ́ bá ń lọ síbi tí eyín ń lọ, bíìtì á fa tábìlì mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà ní ìwọ̀n àlàfo yẹn, nǹkan á sì fọ́.

Igi wo ni a ó gbẹ́? Èyí tó pọ̀ jù ní ẹkùn Plateaux ni tíìkì, igi tí àwọn ará Jámánì kó wọ Tógò nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso rẹ̀ láàárín 1884 sí 1914. Tíìkì rọrùn láti gbẹ́, kì í wọ́, kò sì bẹ̀rù òjò. Àmọ́ yanrìn tó kéré ju ojú lọ wà nínú ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń dàgbà, ó sì ń jẹ ẹnu bíìtì. Bíìtì irin lásán kì í pẹ́ kó tó kú lórí tíìkì, èyí tí wọ́n fi carbide lẹ̀ lẹ́nu ni kí a rà. Ìrókò náà ní tirẹ̀: nígbà mìíràn, òkúta gidi máa ń dì sínú rẹ̀, a kì í sì í rí i títí bíìtì yóò fi kàn án. Àpá le, ó sì dúró sójú kan. Ọ̀gánwó lẹ́wà, ṣùgbọ́n okun ara rẹ̀ ń lọ sí òdìkejì ara wọn, ó sì ń ya tí bíìtì kò bá mú. Ayìn ni mo bẹ̀rù fún òpó kékeré. Igi tí a fi ń ṣe èédú àti ọwọ́ ọkọ́ ni, ó le ju ohun tí ẹ̀rọ tó wúwo bíi kílò 7 lè fara dà lọ, àyàfi kí a máa gé e ní ìdajì mìlímítà.

Ọpọ́n ayò ni iṣẹ́ tó dára jù láti fi mọ ohun tí òpó yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ilé 12 ló wà lórí ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ló ń gbé inú wọn, bí ilé kan bá sì jinlẹ̀ ju èkejì lọ, ojú á ti rí i kí a tó ta ayò àkọ́kọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ gbẹ́ gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó ń ṣe é nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Òpó lè ṣe é. Kí ẹni náà kọ́kọ́ fi bíìtì Forstner, èyí tí Benjamin Forstner gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1874, lu àárín ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìdíwọ́ tó wà lára òpó sì dá a dúró níbi tó bá jìn dé. Lẹ́yìn náà, kí ó so ráútà kọ́, kí ó fi bíìtì tí ìdí rẹ̀ rí roboto, tó ní béárìnì lọ́rùn, gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Béárìnì á máa yí lára pátákó tí ó ti gé ihò róbótó sí láàárín, tí ó sì kàn mọ́ ojú ọpọ́n. Bí ilé náà yóò bá jìn ní 25 mm, kí ó gbẹ́ ẹ ní 3 mm sí 3 mm.

Ibi tí ìṣòro ti yọ jáde nìyí. Tábìlì tó ń rìn, tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, kò wúlò fún ọpọ́n ayò. Tábìlì Proxxon MF 70, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ìgbà-ọwọ́-dilẹ̀, gùn ní 200 mm, ó fẹ̀ ní 70 mm. Ọpọ́n ayò gùn ju èyí lọ fíìfíì. Ohun tí ó nílò ni pátákó ńlá tó tẹ́jú lábẹ́ òpó, igi gígùn kan lẹ́yìn tí ọpọ́n yóò máa fara tì bó ti ń rìn, àti èèkàn kéékèèké tí yóò dá a dúró nígbà tó bá dé ojú ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí ni káfíńtà lè fi àjákù pákó ṣe. Mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ń gbẹ́ igi ní Elavagnon kò nílò tábìlì tó ń rìn rárá. Owó tí wọn ìbá fi rà á, kí wọ́n fi ra òpó tó nípọn àti bíìtì tó dára.

Ọnà tí a ó gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n náà, kí a fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Lámídì Fákẹ́yẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó gbé ayé láàárín 1928 sí 2009, kò lo òpó fún ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́, kò sì sí òpó tó lè gbẹ́ irú rẹ̀. Kí ẹ̀rọ ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọwọ́ ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Tábìlì tó ń rìn ní ibi tó wúlò sí, ìyẹn ni ike àti àlúmíníọ̀mù. Ní Elavagnon ni ilé-ẹ̀kọ́ IFAD fún ìsìn ẹja wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pín àkókò wọn sáàárín kíláàsì àti ibi iṣẹ́. Níbikíbi tí a bá ti ń sin ẹja, ohun kéékèèké tí kò sí lọ́jà ni yóò máa já: ìdérí páìpù, òrùka tó ń di omi nínú páǹpù, férémù àwọ̀n, ìdè fún ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Irú nǹkan báyìí kéré, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ péye, kò sì béèrè agbára. Òpó kékeré tó ní tábìlì tó ń rìn wà fún un gẹ́gẹ́. Ike PVC kàn ń yọ́ bí bíìtì bá ń yí kánkán jù, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí a dín eré mọ́tò kù, kí a má ṣe dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ eré yìí ní ìlànà. Ohun tó ṣe kókó ni bí etí bíìtì ti ń sáré tó lára ohun tí a ń gé. Bíìtì 6 mm tó ń yí ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń rin mítà 377. Igi fẹ́ràn rẹ̀. Àlúmíníọ̀mù tí a fi bíìtì irin lásán gé fẹ́ nǹkan bíi mítà 75 sí 100, èyí tó túmọ̀ sí ìgbà 4,000 sí 5,300. Irin dúdú kò fẹ́ ju mítà 25 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 1,300. MF 70 kì í yí lábẹ́ 5,000, ráútà kì í sábà yí lábẹ́ 8,000. Nítorí náà, ẹni tó bá fi wọ́n gé irin dúdú ń jó bíìtì rẹ̀ níná ni. Dírìlì lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, kò jẹ́ ti iṣẹ́ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlùhò onídìí, orí irin ṣóńṣó ni wọ́n ki ṣọ́ọ̀kì bọ̀, títẹ̀ sísàlẹ̀ ló sì ń mú un dúró. Ipá láti ẹ̀gbẹ́ á tú u, á sì já bọ́ pẹ̀lú bíìtì tó ń yí. Béárìnì inú rẹ̀ náà kò wà fún ìgbájú ẹ̀gbẹ́.

Ìdájọ́ mi lórí irin kò le: kí a gbé irin dúdú lọ fún tọ́nà ní Atakpamé tàbí fún alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀rọ tó lè gbẹ́ irin nílé, bíi Sieg X2, wúwo tó nǹkan bíi kílò 50, owó rẹ̀ sì jẹ́ ti oníṣẹ́. Lórí àlúmíníọ̀mù, kí a máa gé e ní 0.2 sí 0.5 mm, kí a máa ta epo kẹrosíìnì díẹ̀ sí i kí ó má baà lẹ̀ mọ́ eyín bíìtì, kí a sì gbé iná àti sìgá jìnnà.

Ẹnu ẹ̀rọ ráútà ń di ọrùn bíìtì mú pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀tì, àṣìṣe tó léwu jù sì wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń ra ọjà ní ìhà méjèèjì ibodè. Ráútà tí wọ́n ṣe fún ọjà Faransé tàbí Jámánì ń gba bíìtì ọlọ́rùn 6, 8 tàbí 12 mm. Èyí tó bá ti Èkó wá lè jẹ́ ti íńṣì: ọrùn 1/4 íńṣì jẹ́ 6.35 mm, 1/2 íńṣì jẹ́ 12.7 mm. Bíìtì 6 mm á wọ ẹnu 6.35 mm, yóò tilẹ̀ dà bíi pé ó mú un dáadáa. Kò mú un. Lẹ́nu iṣẹ́, á yọ̀ sọ̀kalẹ̀ tàbí kó fò jáde ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń lọ ra bíìtì ní Lomé, kí ó béèrè “fraise” ti “défonceuse”, kí ó sì fi irinṣẹ́ ìwọ̀n wọn ọrùn rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á.

Iná mànàmáná ńkọ́? Tógò ń lo 220 V, 50 Hz, nítorí náà ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ 120 V yóò jóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá so ó mọ́ iná láìsí ẹ̀rọ tó ń dín in kù. Àgbègbè yìí kò jìnnà sí orísun iná: ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí Tógò àti Benin jọ ni, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1987, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 65 MW. Ní Blitta, níhà àríwá Atakpamé, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn 50 MW ní 2021. Kódà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ní Kamina lẹ́bàá Atakpamé, àwọn ará Jámánì ti fi ẹ̀rọ olóoru pèsè iná fún ibùdó wáyà aláìlókùn tí wọ́n kọ́ láti 1911, kí àwọn fúnra wọn tó wó o ní oṣù Kẹjọ 1914. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ni wáyà dé. Ẹni tó ń lo iná oòrùn nílé yẹ kí ó mọ̀ pé mọ́tò 100 W yóò ṣiṣẹ́ lórí ínfátà kékeré, ráútà 1,000 W kò ní ṣe é. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kò tẹ̀ geere sì máa ń da àwọn mọ́tò tí a lè dín eré wọn kù láàmú. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kí ó ti mọ́ ọn lára láti pa bọ́tìnì ẹ̀rọ, nítorí bí iná bá dé lójijì tí ọwọ́ sì wà lábẹ́ bíìtì, kò sí ẹni tó máa rántí àṣìṣe náà láìsí àpá.

Ọ̀nà kan wà tí mo rò pé ó bá àgbègbè yìí mu ju rírà lọ, ìyẹn ni kí a kọ́ òpó náà fúnra wa. Wíwúwo àti líle ni a ń wá, èyí kò sì wọ́n níbí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí irin ń wọ́n, Lucien Yeomans ní Amẹ́ríkà fi kọnkéré ṣe ìdí ẹ̀rọ tọ́nà tí wọ́n fi ń ṣe ọta ìbọn ńlá. Kọnkéré ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, bíríkìlà Elavagnon sì mọ bí a ti ń dà á. Ní àwọn ọdún 1980, Dave Gingery, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ̀wọ́ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe lè yọ́ àjákù àlúmíníọ̀mù, kí a fi ṣe gbogbo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, títí kan èyí tí à ń sọ yìí. Àwọn tó ń yọ́ àlúmíníọ̀mù fi ṣe ìkòkò ní ọ̀pọ̀ ìlú wa ti ní ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé àpẹẹrẹ igi lọ bá wọn lè gba apá ẹ̀rọ àti ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kó kàn mọ̀ pé yanrìn àti afẹ́fẹ́ máa ń wà nínú ohun tí a dà sínú yanrìn, kó sì wo ibi tó fẹ́ gbà lu ihò dáadáa.

Tógò tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní Lomé, ní 2012, ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá lo irinṣẹ́. Ní 2013, Afate Gnikou fi àjákù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ẹ̀dà bébà ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun onípele mẹ́ta, tí wọ́n pè ní W.Afate. Ọ̀pá dídán àti béárìnì tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ bébà tó kú yìí dára fún òpó tí ó kàn ń lu ihò sí pátákó rédíò. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún gbígbẹ́ igi, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òkè yẹn ti fi hàn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò kúkú ra ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, bíi 3018 tó ń ti Ṣáínà wá, tó ń gbẹ́ ohun tó fẹ̀ ní 300 mm sí 180 mm. Ó dára fún kíkọ orúkọ àti fífín àwòrán. Ara rẹ̀ fúyẹ́ jù fún yàrà jíjìn, ó sì nílò kọ̀ǹpútà àti iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹni tó ti fi ọwọ́ yí tábìlì mọ bí igi ti ń dún nígbà tí bíìtì bá ń jẹ ju bó ti yẹ lọ. Ìmọ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ ní.

Mi ò lè gbójú fo eruku. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn láti 1995. Eruku ìrókò tún ń yún ara, ó sì ń fún àyà àwọn kan pa. Ráútà sì ń ṣe eruku tó tinrin. Kí a ṣiṣẹ́ níta, lábẹ́ ìbòòji, kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ síbi tí ọmọdé kò sí, kí a fi ohun ìbòmú tó dára bo imú, kí a sì wọ gíláàsì ojú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tó ń yí, kí agbádá àti ìlẹ̀kẹ̀ sì dúró nílé. Kí a má fi ọwọ́ di iṣẹ́ mú lábẹ́ bíìtì láé. Fáìsì tàbí ìdè onísukúrù méjì, ó kéré tán, ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, èyí ni mo máa ní kó ṣe. Kó wá ráútà kan ṣoṣo tí eré rẹ̀ ṣeé dín kù, tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 43 mm, àti bíìtì carbide mẹ́ta: èyí tó tẹ́ nídìí, èyí tó rí roboto, àti èyí tó ní béárìnì lọ́rùn. Kó fi ìyókù owó rẹ̀ sórí òpó tí ìbú rẹ̀ kò dín ní 40 mm àti ìdí kọnkéré. Kó fi tábìlì tó ń rìn sílẹ̀ títí iṣẹ́ ike tàbí àlúmíníọ̀mù yóò fi béèrè rẹ̀. Mo sì bẹ àwọn ọ̀gá káfíńtà tó ń fa àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ sí ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Est-Mono àti Atakpamé: ẹ pa owó pọ̀, ẹ kọ́ òpó kan sí ibi tí gbogbo yín lè dé, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti ọmọ ilé-ìwé wá lò ó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa san owó díẹ̀ fún bíìtì. Ẹ̀rọ kan tó dára láàárín ìlú sàn ju mẹ́wàá tó ń mì nínú ilé mẹ́wàá lọ.